Ìyẹ́ Ni Kò Jẹ́ Kí Á Mọ̀: Dídá Àrùn Awọ Ara Mọ̀ àti Títọ́jú Rẹ̀ Lára Adìyẹ Ẹ̀yìnkùlé ní Agbègbè Adó-Odò àti Ọ̀tà

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí àwọn àrùn awọ ara tí ó máa ń ṣe adìyẹ tí àwọn ènìyàn ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé ní agbègbè Adó-Odò àti Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó ṣàlàyé bí awọ adìyẹ tí ara rẹ̀ dá ṣe rí, ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò, àmì tí a fi ń dá àrùn kọ̀ọ̀kan mọ̀, àti ìtọ́jú tí ó bá a mu. Kókó rẹ̀ ni pé àwọn àrùn wọ̀nyí jọra lójú, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fà wọ́n yàtọ̀ síra. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ dá àrùn mọ̀, oògùn tí kò kàn án ni yóò lò. Àpilẹ̀kọ náà tún sọ ipa tí olùkọ́ lè kó nínú ọ̀rọ̀ yìí.

1.0 Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Ìyà tí ènìyàn ń fara dà láìjẹ́ kí aráyé mọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí ṣàpèjúwe. Bí a bá fi ojú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wò ó, adìyẹ kì í làágùn, nítorí pé kò sí ibi tí òógùn ń gbà jáde ní awọ ara rẹ̀. Ẹnu ni ó máa ń là sílẹ̀ tí yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí ooru bá mú un. Síbẹ̀, òtítọ́ inú òwe náà kò yẹ̀. Ìyẹ́ bo púpọ̀ nínú ohun tí ń ṣe adìyẹ mọ́lẹ̀, débi pé nígbà tí olówó rẹ̀ yóò bá fi rí i, àìsàn náà ti lè ràn ká gbogbo àgò.

Ọdún 1989 ni wọ́n dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà sílẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Sàngó, Ọ̀tà àti Agbára ti mú kí àwọn òṣìṣẹ́ láti ibi gbogbo wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ọ̀sìn adìyẹ kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ní 1979, Ọ̀tà ni ó dá oko rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn sí. Oko ńlá lè gba dókítà ẹranko síṣẹ́. Ẹni tí ó ń sin adìyẹ méje tàbí mẹ́wàá ní ẹ̀yìn ilé tí ó háyà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé irú adìyẹ wọ̀nyí ni ìyá olójà ń tà nígbà tí owó ilé-ìwé bá délẹ̀. Ẹyin wọn ni àwọn ọmọ ń jẹ. Àwọn ni a ń pa fún àlejò àti fún ọdún. Bí àrùn bá wọ àárín wọn, owó àjọ ni ó ń ṣòfò. Bí a bá sì fi oògùn tí kò yẹ tọ́jú wọn, ewu náà lè dé inú àwo oúnjẹ àwọn ọmọ.

2.0 Bí Awọ Adìyẹ tí Ara Rẹ̀ Dá Ṣe Rí

Ẹni tí kò mọ bí ara líle ṣe rí kò lè dá àìsàn mọ̀. Ogbe adìyẹ tí ara rẹ̀ dá máa ń dán, kò sì ní èépá. Awọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó mọ́, kò sì sí egbò níbẹ̀. Ìpẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì tò lé ara wọn bí páànù orí ilé. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kò wú, kò sì ní ojú dúdú.

Kì í ṣe gbogbo adìyẹ tí ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn. Àgbà adìyẹ máa ń pa ìyẹ́ dà, nígbà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Láti orí àti ọrùn ni ìyẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, yóò sì wá dé àyà, apá àti ìrù. Awọ ibẹ̀ yóò mọ́, ìyẹ́ tuntun yóò sì máa yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Bí ẹ̀yìn àgbébọ̀ nìkan ni ó pá, àkùkọ tí ó ń gùn ún ni ó lè fà á. Àgbébọ̀ tí ó ń sàba lórí ẹyin máa ń fa ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tu kí ara rẹ̀ lè kan ẹyin. Adìyẹ tí ààyè kò gbà máa ń ṣá ara wọn jẹ. Bákan náà ni ti òpìpì, tí kò ní ìyẹ́ púpọ̀, àti ti aṣa, tí ìyẹ́ rẹ̀ yí padà sẹ́yìn. Bí a ṣe bí wọn nìyẹn, wọn kò nílò oògùn.

3.0 Ọ̀nà Àyẹ̀wò

Alẹ́, lẹ́yìn tí adìyẹ bá ti wọ̀, ni ó dára jù láti yẹ̀ wọ́n wò. Ní àkókò náà, wọn kì í sá, àwọn kòkòrò kan sì wà tí ó jẹ́ pé òru nìkan ni wọ́n máa ń jáde. Iná tọ́ọ̀ṣì, ìwé àti gègé ti tó fún iṣẹ́ náà. Adìyẹ tí ara wọn dá ni a óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí á tó fọwọ́ kan èyí tí ń ṣàìsàn, kí ọwọ́ má baà gbé àrùn láti ara èyí dé ara ìkejì. Lẹ́yìn èyí, a óò fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Láti orí ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀: ogbe, ipénpéjú, ẹ̀bá àgógó, àti inú ẹnu. Lẹ́yìn náà ni a óò fi ìka ya ìyẹ́ ọrùn, ti abẹ́ apá, àti ti àyíká ihò ìdí, tí a óò wo ìdí ìyẹ́ àti awọ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni a óò fi parí rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò máa bi ara rẹ̀. Níbo ni ó wà lára? Ṣé kókó ni, àbí èépá, àbí ìyẹ́ tí ó já, àbí ohun tí ń rìn? Adìyẹ mélòó ni ó ń ṣe? Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń le jù? Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan ti lè yọ púpọ̀ nínú iyèméjì kúrò, nítorí pé àrùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó fẹ́ràn jù.

4.0 Àwọn Àrùn Náà àti Ìtọ́jú Wọn

4.1 Ṣànpọ̀nná Adìyẹ

Orúkọ yìí bá àrùn náà mu nítorí bí ó ṣe ń yọ sára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣànpọ̀nná ti ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní 1980 pé ṣànpọ̀nná ti ènìyàn ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ti adìyẹ ṣì wà, ṣùgbọ́n kì í ran ènìyàn. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Ẹ̀fọn máa ń gbé e láti ara adìyẹ kan dé ara òmíràn, ó sì lè gba ojú egbò wọlé nígbà tí adìyẹ bá ń ṣá ara wọn. Ìdí nìyí tí gọ́tà tí omi dá sí, táyà àlòkù àti agolo tí òjò rọ̀ sí fi jẹ́ ọ̀tá adìyẹ.

Ibi tí kò sí ìyẹ́ ni ó fẹ́ràn: ogbe, ẹran abẹ́ àgbọ̀n, ipénpéjú, ẹ̀bá àgógó, àti nígbà mìíràn ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ yọ bí àmì funfun kéékèèké, yóò di kókó, yóò sì wá di èépá dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀. Bí kò bá ju báyìí lọ, púpọ̀ nínú àwọn adìyẹ náà yóò sàn láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Oríṣi kejì le jù ú lọ. Inú ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ni ó máa ń wà. Ohun kan tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí wàràkàṣì yóò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, adìyẹ kò ní lè jẹun, èémí lè há a, ó sì lè kú.

Kò sí oògùn tí ó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí. Ìtọ́jú tí ó wà ni kí á ya èyí tí ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, kí á fi omi iyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ojú rẹ̀ kí ó lè ríran dé ibi oúnjẹ, kí á fi áyódíìnì pa ojú egbò tí ó wà lára, kí á sì fún un ní omi àti oúnjẹ tí ó dára. A kò gbọdọ̀ ṣí èépá náà. Fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, ó sì lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù nílẹ̀. Èyí tí ó bá já fúnra rẹ̀, kí á gbá a, kí á sì sun ún. Bí kòkòrò mìíràn bá gba ojú egbò wọlé, dókítà ẹranko ni yóò sọ oògùn tí ó yẹ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò tòótọ́. Ìtàn rẹ̀ yóò wu akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní 1931, Ernest Goodpasture àti Alice Woodruff, ní Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà, lo ẹyin adìyẹ tí ọmọ ti ń dá nínú rẹ̀ láti mú fáírọ́ọ̀sì ṣànpọ̀nná adìyẹ dàgbà. Ọ̀nà yìí ni wọ́n wá ń gbà ṣe àjẹsára fún ènìyàn pẹ̀lú, irú bíi ti ibà pọ́njú. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe àjẹsára náà. Awọ tín-ín-rín abẹ́ apá ni wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ oníga méjì gún un. Lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ibẹ̀ yóò wú díẹ̀, yóò sì ní èépá. Àmì pé ó ti mú nìyẹn. Bí kò bá sí àmì kankan, kí á pe ẹni tí ó gún un padà.

Ìṣòro ẹni tí ń sin adìyẹ díẹ̀ ni pé ìgò àjẹsára kan máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún adìyẹ, ó sì gbọdọ̀ wà nínú òtútù. Bí wọ́n bá ti pò ó tán, kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ kí wọ́n tó lò ó tán. Ohun tí ó ṣòro fún ẹnì kan rọrùn fún àdúgbò. Bí ogún ilé bá da owó pọ̀, tí wọ́n sì mú ọjọ́ kan, dókítà ẹranko kan lè gún gbogbo adìyẹ wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

4.2 Iná àti Àwọn Kòkòrò Amùjẹ̀

Bí ohun tí a rí bá ń rìn, kòkòrò ni. Mẹ́ta ni ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀ síra. Iná adìyẹ ní àwọ̀ bí koríko gbígbẹ, ó máa ń sáré bí a bá ya ìyẹ́, ẹyin rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ gbàgìgbàgì mọ́ ìdí ìyẹ́, pàápàá ní àyíká ihò ìdí. Gbogbo ayé rẹ̀ ni ó ń lò lára adìyẹ. Ìkejì ni kòkòrò pupa tí ó kéré púpọ̀, tí ó ń fara pamọ́ sínú ihò pákó àti igi ìwọ̀ lọ́sàn-án, tí ó sì ń jáde mu ẹ̀jẹ̀ lóru. Ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí kì í kúrò lára adìyẹ, tí ó máa ń sọ ìyẹ́ ìdí di dúdú. Ìkẹta ni eégbọn adìyẹ, tí òun náà ń sá pamọ́ sínú ògiri, tí ó sì lè gbé àrùn mìíràn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Adìyẹ tí wọ́n bá ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò rù, ogbe rẹ̀ yóò ṣì, ẹyin rẹ̀ yóò dín kù, kò sì ní fẹ́ wọ̀ lálẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń sọ ibi tí a óò dojú ìjà kọ. Bí iná ni, ara adìyẹ ni a óò tọ́jú. Bí kòkòrò pupa tàbí eégbọn ni, ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Kí á kó ìdọ̀tí ilé adìyẹ dànù, kí á da omi gbígbóná sí ihò pákó, kí á sì dí ihò ògiri. Ní ti ara adìyẹ, kí á pèsè yanrìn gbígbẹ àti eérú igi sí ibi tí òjò kò dé, kí wọ́n lè máa yí nínú rẹ̀. Bí kòkòrò bá ti pọ̀ jù, kí á lo ìyẹ̀fun apakòkòrò tí wọ́n ṣe fún adìyẹ gan-an, irú èyí tí ó ní permethrin nínú, ní ìwọ̀n tí ó wà lára páálí rẹ̀. Oògùn kì í sábà pa ẹyin iná, nítorí náà, a gbọdọ̀ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, kí ó lè bá àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Àìtún un ṣe ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́.

4.3 Ìpẹ́ Ẹsẹ̀ tí Ó Gbé Sókè

Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbẹ́ ihò sí abẹ́ ìpẹ́ ẹsẹ̀. Ìpẹ́ yóò gbé sókè, ẹsẹ̀ yóò nípọn, ohun funfun bí ẹfun yóò sì jáde láàárín wọn. Bí a bá fi í sílẹ̀, adìyẹ lè yarọ, ìka rẹ̀ sì lè já. Àgbà adìyẹ ni ó sábà máa ń ṣe, ó sì máa ń ràn díẹ̀díẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò wọ́n, sùúrù ni ó gbà. A óò fi omi ọlọ́ṣẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹsẹ̀ náà, a óò fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ nù ún jẹ́jẹ́, a óò nu ún gbẹ, a óò sì fi fasilín, epo pupa tàbí àdín pa á dáadáa. Epo náà yóò dí èémí kòkòrò náà. Kí á máa ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A kò gbọdọ̀ fi agbára ṣí ìpẹ́. Ìpẹ́ àtijọ́ yóò já fúnra rẹ̀ bí tuntun bá ti ń yọ.

4.4 Làpálàpá Ogbe

Ohun tí ó ń fa àrùn yìí jẹ́ ìbátan èyí tí ń hù sára búrẹ́dì tí ó ti bu. Àmì funfun bí ìyẹ̀fun yóò yọ sí orí ogbe, yóò fẹ̀, yóò sì di èépá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí ni a fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ṣànpọ̀nná adìyẹ: làpálàpá máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì funfun, ṣànpọ̀nná máa ń yọ ní kókó, yóò sì dúdú. Kí á fi fasilín rọ èépá náà, kí á nù ún kúrò, kí á sì fi áyódíìnì tàbí oògùn pípa làpálàpá sí i fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí pé ó lè ran ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́.

4.5 Oówo Àtẹ́lẹsẹ̀

Sìmẹ́ǹtì gbígbẹ, òkúta, àfọ́kù ìgò àti igi ìwọ̀ tí ó ga jù máa ń dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ adìyẹ tí ó bá wúwo. Kòkòrò àrùn yóò gba ibẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ yóò wú, yóò gbóná, ojú dúdú kan yóò sì wà láàárín rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí á fi omi gbígbóná díẹ̀ tí a pò mọ́ iyọ̀ rẹ ẹ́, kí á fi áyódíìnì sí i, kí á fi báńdéèjì dì í, kí á sì tẹ́ eérú pákó gbígbẹ sílẹ̀ fún un. Èyí tí ó bá ti jinlẹ̀, dókítà ẹranko ni kí ó là á.

5.0 Àmì tí Kì Í Ṣe ti Àrùn Awọ

Ìgbà kan wà tí ogbe máa ń sọ ohun tí ó ju ọ̀rọ̀ awọ lọ. Bí ogbe bá ṣàdédé di aláwọ̀ aró, tí orí wú, tí adìyẹ púpọ̀ sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó lè jẹ́ lùkúlùkú tàbí fúlùú àwọn ẹyẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fúlùú ẹyẹ tí a mọ̀ sí H5N1 ti wọ Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ibẹ̀ sì ni ó ti kọ́kọ́ yọjú ní ilẹ̀ Áfíríkà. Irú rẹ̀ lè ran ènìyàn. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ pa adìyẹ bẹ́ẹ̀ jẹ, a kò gbọdọ̀ tà á, a kò sì gbọdọ̀ jù ú sí odò. Ọ́fíìsì dókítà ẹranko ti ìjọba ni kí á tètè fi tó létí.

6.0 Oògùn tí Ó Ń Pani

Ewu tí ó tóbi jù kì í ṣe ti àrùn, ti oògùn ni. Àwọn kan máa ń da apakòkòrò inú ilé, irú èyí tí a mọ̀ sí ọ̀tá-píápíá, sára adìyẹ kí iná lè kú. Májèlé ni dichlorvos tí ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ó ń gba awọ wọlé, ó lè pa adìyẹ, ó sì léwu fún ẹni tí ń dà á àti ọmọ tí ó jẹ ẹyin rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ ní ọjà. Àwọn mìíràn máa ń fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì fà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì pa ẹsẹ̀ adìyẹ. Òótọ́ ni pé ó lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n ó ń jó awọ, àwọn irin olóró sì lè wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí epo pupa àti fasilín lè ṣe, kí ni a fẹ́ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣe?

Ẹ̀kẹta ni oògùn apakòkòrò àìfojúrí tí àwọn ènìyàn ń bù sínú omi láìbéèrè. Kò lè wo ṣànpọ̀nná adìyẹ, kò sì lè pa iná. Ohun tí ó máa ń ṣẹ́ kù ni pé kòkòrò àrùn yóò mọ́ra sí i, oògùn yóò sì wà nínú ẹyin àti ẹran. Oògùn gbogbo ni ó ní iye ọjọ́ tí a kò fi gbọdọ̀ jẹ ẹyin tàbí ẹran adìyẹ tí ó lò ó. Ó yẹ kí á béèrè iye ọjọ́ náà kí á tó sanwó.

7.0 Ipa Olùkọ́

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ adìyẹ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ ìdí tí irú ètò bẹ́ẹ̀ fi nítumọ̀. Ọmọ tí ó mọ ogbe, ìpẹ́, èépá, làpálàpá àti eégbọn ní èdè ìyá rẹ̀ ti ní ohun èlò tí yóò fi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Olùkọ́ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán adìyẹ sínú ìwé, kí ó sì máa fi àmì sí ibi tí ó bá rí ohun àjèjì lára adìyẹ ilé wọn, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó rí i. Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kíláàsì lè fi àwọn ìbéèrè mẹ́rin ìṣáájú wá ìdáhùn. Ilé-ìwé tún lè jẹ́ ibi tí àwọn òbí yóò ti da owó àjẹsára jọ, nítorí pé ó ti mọ ilé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn tàbí adìyẹ tí ó kú lójijì.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ibi tí àrùn wà àti bí ó ṣe rí ni ó ń sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó sì ń sọ oògùn rẹ̀. Kókó lórí ogbe ń béèrè ìyàsọ́tọ̀ àti àjẹsára. Ohun tí ń rìn lábẹ́ ìyẹ́ ń béèrè eérú, ìyẹ̀fun tí ó yẹ, àti ilé tí ó mọ́. Ìpẹ́ tí ó gbé sókè ń béèrè epo àti sùúrù. Ogbe aláwọ̀ aró ń béèrè dókítà ẹranko kíákíá. Púpọ̀ nínú ìtọ́jú wọ̀nyí kò ju agbára ẹni tí ń sin adìyẹ mẹ́wàá ní ẹ̀yìnkùlé lọ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí a bá ń ya ìyẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ìyẹ́ kò ní lè bo àìsàn mọ́lẹ̀ fún wa mọ́.